Orí Keje: Èròjà Inú Ewéko àti Àìbalẹ̀ Ọkàn Tí Másùnmáwo Ń Fà

Ìgbà tí ẹ̀rù bá di àìsàn

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò kì í já láyà. Àyà á máa lù kìkì, àtẹ́lẹwọ́ á làágùn, oorun á dá lójú. Bí ìdánwò bá ti kọjá, ara á balẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Irú ẹ̀rù yìí kì í ṣe àìsàn. Òun gan-an ló ń jẹ́ kí èèyàn ṣí ìwé. Àmọ́ bí ìdánwò bá ti kọjá, tí owó ilé ti wà nílẹ̀, tí ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá ti gbádùn, tí àyà náà kò sì yé já, tó di pé ojoojúmọ́ ni èèyàn ń retí aburú tí kò mọ ibi tó máa gbà wá, a ti kúrò nídìí ẹ̀rù lásán. Oṣù mẹ́fà ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ fi ń wọ̀n ọ́n: bí àníyàn bá gba èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ inú oṣù mẹ́fà, tó ń dí iṣẹ́ àti oorun lọ́wọ́, wọ́n á kà á sí àìsàn tó yẹ kí wọ́n tọ́jú.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara kò ṣòroó tọpa. Nígbà tí ọpọlọ bá fura sí ewu, adrenaline ló máa kọ́kọ́ sáré wọ inú ẹ̀jẹ̀. Òun ló ń mú àyà lù. Lẹ́yìn rẹ̀, apá kan nínú ọpọlọ tí à ń pè ní hypothalamus á ránṣẹ́ sí ẹṣẹ́ pituitary tó wà lábẹ́ rẹ̀, pituitary á ránṣẹ́ sí àwọn ẹṣẹ́ adrenal tó jókòó lórí kíndìnrín, àwọn yẹn á sì tú cortisol jáde. Cortisol ń bá ara wá agbára tí yóò fi sá tàbí tí yóò fi jà. Bí ewu bá ti lọ, cortisol fúnra rẹ̀ ló máa ń padà sọ fún ọpọlọ pé ó tó. Lára ẹni tí másùnmáwo kò fún nísinmi, ìdádúró yẹn kì í ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́.

Àwa nílẹ̀ yìí ní àkọsílẹ̀ tiwa lórí ọ̀rọ̀ náà. Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ọmọ ilẹ̀ Kánádà, ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Aró ní Abẹ́òkúta láti 1957 sí 1959. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá bá a: orí ń gbóná bí ẹni pé iná ń jó o, nǹkan ń rìn lágbárí, ojú ń ṣe bàìbàì bí wọ́n bá ti ń kàwé, ohun tí wọ́n sì kà kò wọlé. Ó kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1960, ó pè é ní “brain fag”. Nígbà tó di 1980, Olúfẹ́mi Mórákínyọ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ tọ́ka sí àìsùn àti ohun amárají tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò láti fi kàwé mọ́jú. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí obì tí ọ̀pọ̀ wa ń jẹ lóru ìdánwò kún fún caffeine. Ewéko lòun náà ti wá, ó sì ń mú àyà já ju bó ti wà lọ. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbà pé ohun tó bá ti ara igi wá, ìtura nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe.

Asofẹ́yẹjẹ

Ní ọdún 1960 kan náà, Prince tẹ ìwádìí mìíràn jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Èyí dá lórí àwọn babaláwo àti oníṣègùn ìbílẹ̀ Yorùbá, àti egbò tí wọ́n fi ń tọ́jú wèrè. Igi tó ń sọ nípa rẹ̀ ni asofẹ́yẹjẹ, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Rauvolfia vomitoria.

Igi kékeré ni. Inú igbó tí wọ́n ti dá oko sí rí tí wọ́n sì fi sílẹ̀ ló fẹ́ràn, pàápàá níbi tí ilẹ̀ bá ti lómi díẹ̀. Ẹ wo oríkèé ẹ̀ka rẹ̀ dáadáa: ewé kì í yọ ní méjì-méjì níbẹ̀ bíi ti ọ̀pọ̀ igi, mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nígbà mìíràn márùn-ún, ló máa ń yọ lójú kan náà, wọ́n á yí ẹ̀ka ká. Bí a bá já ewé náà, oje funfun á ṣẹ̀. Òdòdó rẹ̀ kéré, ó funfun mọ́ àwọ̀ ewé. Èso rẹ̀ rí roboto, á pọ́n nígbà tó bá gbó, àwọn ẹyẹ á sì wá jẹ ẹ́. Ara egbò ni agbára rẹ̀ pọ̀ sí jù, àgàgà èèpo egbò náà.

Oníṣègùn ìbílẹ̀ á se egbò yìí tàbí kó lọ̀ ọ́, á fún alárùn ọpọlọ tó ń jà tó ń pariwo. Ẹni náà lè bì, ó lè yàgbẹ́, lẹ́yìn náà á sùn fọnfọn. Bó bá jí, ara rẹ̀ á ti wálẹ̀. Wọ́n ti ń ṣe èyí tipẹ́ kí ilé ìwòsàn Aró tó dé. Nígbà tí Dókítà Adéoyè Lámbò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aró ní 1954, tó ní kí àwọn aláìsàn máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé àyíká pẹ̀lú ẹbí wọn, ó fa àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Lójú tèmi, ìgboyà ńlá ni ìyẹn fún dókítà tó kàwé ní Bìrìtìkó láyé ìjọba amúnisìn.

Àwọn ará Íńdíà náà ní ọmọ ìyá asofẹ́yẹjẹ, Rauvolfia serpentina, tí wọ́n ti ń lò fún wèrè, fún oró ejò àti fún àìsùn láti ìgbà pípẹ́. Ní 1931, Sen àti Bose kọ̀wé pé egbò náà ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ó sì ń tọ́jú wèrè. Ní 1949, Rustom Jal Vakil kọ ìrírí tirẹ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru sínú ìwé ìròyìn ọkàn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ayé òyìnbó sì gbọ́. Ní 1952, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ilé iṣẹ́ Ciba ní Switzerland yọ èròjà kan ṣoṣo jáde nínú egbò náà, wọ́n sì sọ ọ́ ní reserpine. Ọ̀kan nínú àwọn èròjà oró tí à ń pè ní alkaloid ni. Àwọn onímọ̀ tún bá a nínú asofẹ́yẹjẹ tiwa. Ní 1954, Nathan Kline ní New York ròyìn pé ó mú àwọn alárùn ọpọlọ rọlẹ̀. Ní 1956, Robert Woodward to reserpine pọ̀ látòkè délẹ̀ nínú láàbù, láìlo egbò kankan.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípa àwọn èròjà ajíṣẹ́: noradrenaline, dopamine, serotonin. Inú àwọn àpò wẹ́wẹ́ tó wà ní ìparí sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń tọ́jú wọn sí, ẹ̀rọ kékeré kan tó wà lára àpò ló sì ń fà wọ́n wọlé. Reserpine á dí ẹ̀rọ yẹn. Èyí tí kò rí àpò wọ̀, ara á bà á jẹ́, títí ohun tó kù nílẹ̀ kò fi ní tó nǹkan mọ́. Iṣẹ́ tí kò rí ẹni jẹ́ ẹ kò lè dé. Ìdí nìyí tí ariwo orí fi ń rọlẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ríru náà sì ń wálẹ̀. Ní 1957, Arvid Carlsson ní Sweden fún àwọn ehoro ní reserpine, wọ́n dákẹ́ sójú kan, wọn ò lè mira. Ó fún wọn ní L-DOPA, tí ara ń sọ di dopamine, wọ́n sì dìde. Ibẹ̀ ni òye wa lórí ipa dopamine nínú àrùn Parkinson ti bẹ̀rẹ̀, Carlsson sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2000. Ọ̀nà tó gba ìdí egbò igi jáde rèé o.

Kó tó di pé a lọ síwájú, ọ̀rọ̀ wà tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbámú. Wèrè ni wọ́n ń fi asofẹ́yẹjẹ tọ́jú. Àníyàn ẹni tó ń ronú owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ yàtọ̀ sí i. Òótọ́ ni pé ní 1955, D. L. Davies àti Michael Shepherd ní ilé ìwòsàn Maudsley ní London dán reserpine wò lára àwọn tí ọkàn wọn kò balẹ̀. Wọ́n ṣẹ́ kèké pín wọn sọ́nà méjì, apá kan gba reserpine, apá kejì gba oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Àwọn tó gba reserpine ló ṣe dáadáa jù. Ìwádìí yìí wà lára àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nínú ìmọ̀ ìṣègùn ọpọlọ, síbẹ̀ kò sí dókítà tó ń kọ reserpine fún àníyàn lónìí. Láàrin ọdún díẹ̀, ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé pé àwọn kan tó ń lò ó fún ẹ̀jẹ̀ ríru ti rẹ̀wẹ̀sì, pé wọ́n ń sọkún, pé ikú ń wù wọ́n. Àríyànjiyàn ṣì wà lórí bí èyí ṣe wọ́pọ̀ tó. Lórí pé ó ń dí imú, pé ó ń mú ara gbọ̀n, pé ó lè já ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kò sí àríyànjiyàn. Èròjà tó ń kó irú àwọn ajíṣẹ́ ọpọlọ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ pọ̀ jù fún ẹni tí ohun tó ń dùn ún kò ju àìsùn lọ.

Ọ̀nà kejì: GABA

Oògùn àníyàn tó gbajúmọ̀ jù ní ọ̀rúndún tó kọjá ni diazepam, tí wọ́n gbé jáde ní 1963 lórúkọ Valium. Inú láàbù ni wọ́n ti ṣe é. Ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti reserpine: ó ń ran èròjà ajíṣẹ́ kan lọ́wọ́ tó ń jẹ́ GABA, iṣẹ́ GABA nínú ọpọlọ sì dà bí iṣẹ́ bíréèkì nínú ọkọ̀. Ibi tí GABA bá ti kan sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì náà á rọ̀. Diazepam á jẹ́ kó túbọ̀ mú.

Àwọn ewéko kan ní èròjà tó ń dé ibi kan náà. Apigenin, tó wà nínú òdòdó chamomile tí àwọn òyìnbó ń fi ṣe tíì alẹ́, lè lẹ̀ mọ́ ibi tí diazepam ń lẹ̀ mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára rẹ̀ kò tó ti diazepam rárá. Kava, ní àwọn erékùṣù òkun Pacific, lágbára jù ú lọ. Ìdílé kan náà ni kava àti iyèré tí à ń fi sí ọbẹ̀: Piper ni apá àkọ́kọ́ nínú orúkọ sáyẹ́ǹsì àwọn méjèèjì. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí kava lára èèyàn jọ, wọ́n rí i pé ó ń dín àníyàn kù, bí kò tilẹ̀ pọ̀. Ní 2002, ìjọba Jámánì fòfin dè é nítorí àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn bàjẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n lò ó. Ní 2014, ilé ẹjọ́ ibẹ̀ wọ́gi lé òfin náà. Ẹ má ṣe tìtorí ìbátan yìí sọ pé iyèré náà yóò mú ọkàn balẹ̀. Ewéko méjì lè jẹ́ ìdílé kan, kí èròjà inú wọn má bá ara mu.

Ewé tíì tiwa ńkọ́, èyí tí àwọn kan ń pè ní koríko ọba? Ó wà lẹ́yìn ilé lọ́pọ̀ àdúgbò Ìbàdàn, a sì gbà pé ó ń mú oorun wá. Àwọn ará Brazil gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n sì dán an wò. Ní 1986, àwọn onímọ̀ ibẹ̀ fún àwọn èèyàn ní tíì rẹ̀, wọ́n fún àwọn mìíràn ní ohun tó jọ ọ́ tí kì í ṣe òun, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì mọ èyí tí òun mu. Kò sí ìyàtọ̀ nínú oorun wọn, kò sí ìyàtọ̀ nínú àníyàn wọn. Lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn mìíràn fún eku ní òróró inú ewé yìí, ara eku sì rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ lè bi wá pé èwo ni ká gbà gbọ́. Méjèèjì. Òróró tí wọ́n kó jọ, tí wọ́n fún eku ní ìwọ̀n tó pọ̀, kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ife tíì kan. Ìtura tí ìyá àgbà ń rí nínú ife náà wà lóòótọ́: omi gbígbóná ni, ìjókòó jẹ́ẹ́ lálẹ́ ni, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ nídìí ife ni. A kàn gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kí a má gbé oyè rẹ̀ fún èròjà tí kò ṣe iṣẹ́ náà.

Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ bóyá àyà eku ń já

Eku kò lè sọ fún wa pé ẹ̀rù ń ba òun. Wọ́n wá ọgbọ́n kan dá. Wọ́n kan pákó ní àgbélébùú, wọ́n gbé e sókè nílẹ̀. Apá méjì nínú rẹ̀ ní ògiri, apá méjì kò ní nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n á gbé eku sí àárín gbùngbùn, wọ́n á wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Eku kò fẹ́ràn gbangba, nítorí gbangba ni àṣá ti ń gbé e. Inú apá tó ní ògiri ló máa sá sí. Á yọ imú síta, á tún fà á padà. Bí wọ́n bá ti fún un ní diazepam ṣáájú, á rìn bọ́ sí gbangba, á bojú wolẹ̀ létí pákó. Ẹni tó ń ṣèwádìí á ka iye ìgbà tó jáde àti bó ṣe pẹ́ tó níta. Á tún ka gbogbo ìrìn rẹ̀, nítorí oògùn tó bá kàn ń rẹ eku lè tàn wá jẹ.

Ẹ̀ka Fáámákọ́lọ́jì ní Yunifásítì Ìbàdàn ti lo irú ọgbọ́n yìí lọ́pọ̀ ìgbà. Solomon Umukoro àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ti ṣiṣẹ́ lórí methyl jasmonate; ní 2014 wọ́n tẹ̀wé jáde lórí bó ṣe ń dín àníyàn eku kù. Ohun tó wù mí nínú èròjà yìí ni ibi tó ti wá. Inú òróró òdòdó jasmine ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ewéko ló ń ṣe é, wọ́n sì ń ṣe é jù nígbà tí kòkòrò bá ń jẹ wọ́n tàbí tí nǹkan bá ṣe wọ́n léṣe. Másùnmáwo ewéko ló ń mú un jáde.

Eku kì í ṣe èèyàn. Láti orí pákó yẹn dé orí káńtà oníkẹ́míìsì, ọ̀nà jìn: wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n tí kò ní pa ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín lára, wọ́n gbọ́dọ̀ dán an wò lára èèyàn tí ara rẹ̀ le, lẹ́yìn náà lára àwọn aláìsàn, pẹ̀lú kèké àti oògùn tí kò ní nǹkan nínú, bíi ti Maudsley. Ọ̀pọ̀ èròjà inú ewéko wa ló ti dé orí pákó. Àwọn tó kọjá ibẹ̀ kò pọ̀, owó sì ni ìdí tó tóbi jù. Ó dùn mí láti kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀kọ́, àmọ́ ó yẹ kí ẹ mọ̀, torí ẹ̀yin ló máa tún un ṣe.

Ewu tó wà nínú àpapọ̀

Ìyá kan ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà kọ fún un. Oorun kò kùn ún, ẹnìkan sì bá a se egbò asofẹ́yẹjẹ. Oògùn méjì tó ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ ti pàdé lára ẹnìkan ṣoṣo. Bó bá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì lóru, òòyì lè gbé e ṣubú. Nọ́ọ̀sì tó bá gba irú ìyá bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bú u. Ẹni tí wọ́n bá bú kò ní sọ òótọ́ mọ́. Kó rọra bi í pé, “Mà, ẹ jọ̀ọ́, yàtọ̀ sí èyí tí dókítà kọ, kí lẹ tún ń lò nílé? Àgbo ńkọ́?” Kó sì kọ ìdáhùn náà sínú fáìlì.

Bákan náà ni ẹni tó ti ń lo diazepam fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bó bá fi í sílẹ̀ lójijì nítorí pé ó ti rí àgbo, gìrì lè mú un. Dókítà ló yẹ kó bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ní ti àwọn àgbo inú ìgò tó ní nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń ṣọ́ oògùn nílẹ̀ wa, ẹ ka ara ìgò náà dé ìsàlẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí olóògùn náà sọ wò. Nọ́ńbà náà kò sọ pé ó ń wo àníyàn sàn.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Iṣẹ́ yìí wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Ẹlẹ́yẹlé àti àyíká rẹ̀. Ẹni tó bá wà níbòmíràn lè lo ọjà àti igbó tirẹ̀.

Ẹ lọ sí ọjà Ẹlẹ́yẹlé, ẹ wá ìyá ẹlẹ́wé ọmọ tàbí lẹ́kulẹ́ja tó fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ kí i dáadáa, ẹ sọ pé ẹ̀kọ́ lẹ wá kọ́, ẹ sì ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ẹ bi í nípa ohun tí wọ́n ń fún ẹni tí oorun ò kùn, ẹni tí àyà rẹ̀ ń já, àti ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú. Ẹ kíyè sí i bóyá ewé kan náà ló pè fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bí ẹ bá lọ sí etí adágún Ẹlẹ́yẹlé, tí wọ́n sé Odò Ọnà sí ní 1942, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ igbó ibẹ̀, kí olùkọ́ sì wà pẹ̀lú yín. Ẹ ṣẹ́ ẹ̀ka kan ṣoṣo lára ọ̀kan nínú àwọn ewéko tí ìyá ọjà náà dárúkọ, èyí tó ní ewé àti òdòdó tàbí èso. Ẹ tẹ́ ẹ sáàrin ìwé ìròyìn, ẹ fi pákó tẹ̀ ẹ́, ẹ máa pààrọ̀ ìwé náà lójoojúmọ́ títí yóò fi gbẹ. Ẹ kọ ọjọ́, ibi tí ẹ ti rí i, bí ó ṣe ga tó, àwọ̀ oje rẹ̀ àti orúkọ tí ẹni tó fi í hàn yín pè é. Ẹ gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ń kó ewéko gbígbẹ pamọ́ sí ní Ilé Iṣẹ́ Ìwádìí Igbó ní Jẹ́ríkò, tí kò jìnnà sí yín, kí wọ́n bá yín fìdí orúkọ rẹ̀ múlẹ̀. Ìwádìí tí kò ní irú ewé gbígbẹ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀, ẹlòmíràn kò lè tún un ṣe, nítorí kò ní mọ igi tí ẹ lò. Ẹ má ṣe tọ́ ohunkóhun wò lẹ́nu.

Lẹ́yìn náà, ẹ dáhùn ìwọ̀nyí:

1. Reserpine àti diazepam, èwo nínú wọn ló ń kó ajíṣẹ́ nílẹ̀, èwo ló ń ran ajíṣẹ́ lọ́wọ́? Kí ni ìyàtọ̀ yìí máa fà lára ẹni tó bá lò wọ́n fún ọdún kan?

2. Ẹnìkan fún eku mẹ́wàá ní omi ewé kan. Gbogbo wọn jókòó sí apá pákó tó wà ní gbangba, wọn kò sì kúrò níbẹ̀. Ó ní ewé òun ń wo àníyàn sàn. Kí ni ẹ máa ní kó tún kà, àwọn eku wo sì ni kò fi kún un?

3. Bàbá kan láti Ológùn-ẹrù gbé àgbo wá fún ọmọ rẹ̀ tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, nítorí pé ọmọ náà kò sùn láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó sì ń jẹ obì lálaalẹ́. Ẹ kọ ohun tí ẹ máa bá bàbá náà sọ, bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ gan-an, láìtàbùkù àgbo rẹ̀.